Imí-Eṣú Inú Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Wa

Owú tí mo jẹ lórí ọmọ ọmọ mi, mi ò jẹ irú rẹ̀ lórí ọkọ rí. Ọkọ mi fẹ́ ìyàwó lé mi nígbà ayé rẹ̀, mo bú u, mo sunkún díẹ̀, mo sì padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi ní Ìbàfò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí obìnrin kan láti Ìbógùn jókòó sórí àpótí, tó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, tó tẹ́ ọmọ ọmọ mi sórí wọn, tó ń bomi sí i lára, tí ọmọ náà sì dákẹ́ rọ́rọ́, mo gbé oúnjẹ mi tì láìfọwọ́ kàn án.

Obìnrin náà ni ìyá ìyàwó ọmọ mi. Èmi ni ìyá ọkọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé ní Lotto, ní Mowé, nínú ilé oníyàrá méjì tí wọ́n háyà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí ọmọ. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ń wá a, èmi ni mò ń gbààwẹ̀, èmi ni mò ń lọ sí ìsọ́ òru, èmi náà ni mò ń rán aṣọ ọmọ pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ mi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Nígbà tí ọmọ dé lọ́dún tó kọjá, tó sì jẹ́ ọkùnrin, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi lọ sinmi, mo wọ mọ́tò. Láti Ìbàfò sí Mowé ò jìnnà, ṣùgbọ́n ẹrù tí mo dì lọ́jọ́ náà, kọ̀ndọ́kítọ̀ bi mí bóyá mò ń kó kúrò nílé ni.

Mo mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló máa ń wá wẹ ọmọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ìyá tèmi náà ló wẹ ọmọ mi fún mi. Ohun tí mo rò ni pé àna mi yóò wẹ ọmọ láàárọ̀, yóò tún wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, èmi á sì máa gbé e láàárín méjèèjì. Mi ò mọ̀ pé àpò ìrẹsì kan tó kún fún ewé ló ń gbé bọ̀.

Imí-eṣú ni ewé náà. Ó máa ń hù sí gbogbo ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí ní Mowé, kò sì sẹ́ni tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ rí. Igi rẹ̀ nírun wẹ́wẹ́, òdòdó rẹ̀ funfun tàbí kó ṣe bí aró tó ti ṣá, ó sì kéré bí orí ìṣáná. Tí èèyàn bá rún un, òórùn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ títí tí yóò fi jẹun alẹ́. Ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní Ìbógùn ni àna mi ti já tirẹ̀ wá. Ó ní ti Mowé ti mu èéfín mọ́tò jù.

Á da ewé náà sínú abọ́, tigi tòdòdó, á bu omi lé e, á wá gbo ó títí omi á fi ṣú dúdú. Á sẹ́ ẹ. Á fi wẹ ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á na apá rẹ̀, á na ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi òróró pa á lára. Èyí tó bá kù nínú ewé, á so ó pọ̀ bí ìgbálẹ̀, á fi kọ́ ojú fèrèsé lókè ibi tí ọmọ ń sùn, ó ní kí ẹ̀fọn má bàa sún mọ́ ọn. Ara ọmọ náà ń dán. Ooru tó ń gún àwọn ọmọ àdúgbò lára ò mú un. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màámi," àna mi ni wọ́n sì kọjú sí. Èmi náà jókòó síbẹ̀, mo wọ aṣọ tó dáa.

Orúkọ tí mo fún ọmọ náà lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ gùn, ó sì nítumọ̀. Orúkọ tí àna mi fún un ni gbogbo ilé ń pè. Òun fúnra rẹ̀ kì í tilẹ̀ pe orúkọ kankan, "ọkọ mi" ló máa ń pè é. "Ọkọ mi ti jí o. Ọkọ mi ti yó." Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá àgbà ṣe ń pe ọmọkùnrin. Èmi náà ti pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ tó bá ti pè é báyìí, ńṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n bi í léèrè pé ọkọ ta ni.

Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Tí mo bá ti wọ yàrá ọmọ, imú mi á bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, ojú mi á máa yún mi, màá sín, màá tún sín, ọmọ á ta gìrì, á bú sẹ́kún. Tí mo bá jáde sí pálọ̀, ara mi á balẹ̀. Ìyàwó ọmọ mi fara dà á fúngbà díẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ jẹ́ kí kata yẹn lọ ná kẹ́ ẹ tó máa gbé béébì. Kò tíì gba gbogbo abẹ́rẹ́ ẹ̀ tán."

Mo ní, "Kò burú, ìyàwó mi. Òótọ́ lo sọ."

Bí wọ́n ṣe lé mi jáde nìyẹn. Pálọ̀ di tèmi, yàrá di ti àna mi. Mo gbé àga mi sí ibi tí mo ti lè máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ kọ́tìnnì. Màá rí i tó ń lọ, tó ń bọ̀, màá gbọ́ tó ń kùn sí ọmọ létí, màá sì gbọ́ tí ọmọ náà ń fèsì pẹ̀lú ohùn kékeré kan tí kò fi dá mi lóhùn rí. Ọmọ mi ọkùnrin, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láti Èkó, yàrá ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Ó ti ń pe ìyá ìyàwó rẹ̀ ní "Màámi" báyìí, ó sì máa ń lá ọwọ́ tó bá jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ tán. Mo ro oríṣiríṣi. Mo rò ó pé àna mi lè ti fi nǹkan sí yàrá náà, pé kí ni kì í jẹ́ kí kata yìí mú èmi níta tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọmọ nìkan ló ti ń mú mi? Mo bá Ọlọ́run sọ ọ́. Mo tún padà lọ wo ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ kọ́tìnnì.

Àna mi ló ní òun á wo kata náà fún mi. Ó se ìkòkò ewé kan, imí-eṣú kan náà, tewé tòdòdó, ó gbé e gbígbóná síwájú mi, ó fi aṣọ ìbora bo èmi àti ìkòkò mọ́lẹ̀.

"Ẹ fà á símú dáadáa, àna mi," ni ohùn rẹ̀ ń sọ láti ìta. "Ẹ jẹ́ kó wọlé sí yín lára. Tẹ́ ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ̀yin náà á gbé ọkọ wa."

Ọ̀rọ̀ pé èmi náà á gbé e ló jẹ́ kí n ṣe bó ṣe wí. Mo fà á símú bí ẹni tí wọ́n ní kó fa ẹ̀mí. Nígbà tí mo fi máa ṣí aṣọ kúrò lórí, mi ò ríran dáadáa mọ́. Ètè mi ti wú, ìpéǹpéjú mi ti pàdé, àyà mi ń dún fín-ín-fín-ín. Ìyàwó ọmọ mi figbe ta. Ọmọ mi wà nílé lọ́jọ́ náà, ó gbé mi sínú mọ́tò aládùúgbò kan, a forí lé ọsibítù kékeré kan nítòsí ibẹ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ gún mi lábẹ́rẹ́. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, dókítà, tí kò tíì tó ọmọ mi lọ́jọ́ orí, bi mí ní ohun tí mo jẹ. Mo ní ẹ̀bà. Ó bi mí ní ohun tí mo fi para. Ọmọ mi ló sọ fún un pé wọ́n fi ewé ṣe ooru fún mi.

"Ewé wo?"

"Imí-eṣú."

Dókítà mi orí. Ó ní ara àwọn èèyàn kan kì í gba ewé náà. Ó ní ìdílé kan náà lòun àti koríko kan lókè òkun tí wọ́n ń pè ní rágúwíìdì, pé tí òdòdó koríko yẹn bá ti yọ báyìí, odidi àdúgbò á máa sín.

Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe ibì kan péré lára ẹ̀ ló ń bá yín jà o. Lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó ẹ̀ máa ń fò nínú afẹ́fẹ́, ìyẹn ló lè máa mú yín sín, tójú á máa yún yín. Oje ewé ẹ̀ lè jẹ́ kára yín lé ròrò níbi tó bá ti kàn yín. Igi ẹ̀ náà lè ní tiẹ̀. Ohun tó wà nínú èyí lè máà sí nínú ìyẹn. Ẹ ṣáà jìnnà sí gbogbo ẹ̀."

Kí n má parọ́, inú mi dùn. Ètè mi wú bí ti ẹni tí agbọ́n ta, síbẹ̀ inú mi dùn. Mi ò ní kata. Mi ò ní ohun tí ọmọ lè kó. Ewé àna mi ni. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ pọ̀ lọ́kàn, mò ń dín in, mò ń fi kún un.

Ìyàwó ọmọ mi àti ìyá rẹ̀ ti ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, àna mi gbé ọmọ. Gbogbo ohun tí mo tò ló fò lọ. Ẹyọ kan ló jáde lẹ́nu mi: "Dókítà ní ewé yín ló fẹ́ pa mí."

Obìnrin yìí gbé ọmọ fún ìyàwó ọmọ mi, ó sì kúnlẹ̀. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ nítorí pé èmi ni ìyá ọkọ. "Ẹ má bínú, àna mi. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe yín."

Ì bá bá mi jà, ara ì bá tù mí. Kò bá mi jà. Ó já ewé ojú fèrèsé bọ́ sílẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ jó lẹ́yìnkùlé. Ó fọ kọ́tìnnì, ó fọ aṣọ ibùsùn, ó nu ilẹ̀ yàrá, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ara rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wẹ ọmọ pẹ̀lú omi lásán. Ó wá di ẹrù rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ wo ẹ̀gẹ́ òun, òun á padà tára mi bá ti balẹ̀ dáadáa.

Ó ní, "Ẹ máa bá mi gbé ọkọ mi."

Mo tẹ̀ lé e dé ibi tó ti wọ mọ́tò tó ń lọ sọ́nà Ifọ̀. Mo juwọ́ sí i. Mo sì yára padà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré.

Mo gbé ọmọ mi. Mo pè é ní ọmọ mi nítorí pé ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀ tó máa bá mi dù ú. Mo gbé e mọ́ra, imú mi gbẹ, ojú mi mọ́, mi ò sín rárá. Ó wò mí díẹ̀. Ó fi imú wá nǹkan kan ní ọrùn mi, ó tún wá a ní àyà mi, kò rí i. Ló bá lanu, ó figbe bọnu.

Ẹkún ọmọ yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà míì tí máṣíìnì mi bá ń dún. Mo kọrin fún un. Mo pọ̀n ọ́n. Mo wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí mo rán, èyí tó ní kọ́là, ó bì sí kọ́là náà. Ìyá rẹ̀ fún un lọ́mú, ó mu díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó pọ́n bí epo.

Ìyá rẹ̀ sọ pé, "Màámi ló ń wá." Kò sọ ọ́ láti fi gún mi lára, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó lọ fa tówẹ́lì kan tí àna mi máa ń fi nu ọmọ yọ nínú àwọn aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀, ó fi bò ó. Ọmọ náà dákẹ́. Ó di etí tówẹ́lì náà mú, ó ń mí símú, ó ń mí síta. Òórùn imí-eṣú ṣì wà lára tówẹ́lì náà, ìyẹn ló dákẹ́ fún. Owú wá mú mi dé egungun. Obìnrin náà ti lọ sí Ìbógùn, tówẹ́lì rẹ̀ sì ń gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Mo jáde sí ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí tó wà lẹ́yìn ilé. Imí-eṣú kún ibẹ̀ bámúbámú. Ọ̀rọ̀ dókítà ń dún létí mi, kì í ṣe apá ibi tó ti ní kí n jìnnà sí i, apá ibi tó ti ní ohun tó wà nínú èyí lè máà sí nínú ìyẹn. Mo fa odidi kan tu tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, mo fẹ́ wá apá tí mo lè gbé wọlé láìsín. Mo fi gbòǹgbò ra apá mi, kò ṣe mí ní nǹkankan. Inú mi dùn, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo dì í sínú ìborùn mi, mo lọ gbé ọmọ. Ọmọ fi imú wá mi, kò rí ohun tó ń wá, ó tún figbe bọnu. Gbòǹgbò náà ò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò ní òórùn tí ọmọ mọ̀.

Mo padà. Mo gbé òdòdó rẹ̀ sún mọ́ imú, mo sín títí mo fi di igi kan tó wà níbẹ̀ mú. Òdòdó ò ṣe é gbé wọlé nìyẹn, torí tí mo bá fi mú ọmọ dákẹ́, èmi náà ni màá fi sísín jí i. Mo ṣẹ́ igi rẹ̀, oje rẹ̀ mú ọwọ́ mi yún díẹ̀, òórùn rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ó ku ewé. Mo fi ewé ra ọrùn ọwọ́ mi. Ibẹ̀ lé ròrò lójú mi, ó ń yún mi bí iná, ṣùgbọ́n mi ò sín. Mo dúró láàárín igbó náà, mò ń wo ọwọ́ mi. Ara ni yóò máa yún mi. Yíyún ara kì í pariwo.

Mò ń já ewé náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń ṣà á bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ń gé gbogbo òdòdó dànù kí ẹyọ kan má bàa bá mi wọlé. Mo rún ewé náà, mo fi sínú kọ́mú mi lápá òsì àti lápá ọ̀tún, mo ró ìró mi lé e, mo wọlé.

Ọmọ náà fi imú wá mi. Ó dúró. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé mi láyà, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ìyàwó ọmọ mi ní, "Háà, Mọ́mì, kí lẹ ṣe fún un?" Mo ní kò sí nǹkankan, pé ọmọ mọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí àna mi fi padà dé. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ já ewé, màá ṣa òdòdó kúrò. Àyà mi lé, ó pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Mi ò lè fọwọ́ kàn án nítorí ọwọ́ mi méjèèjì gbé ọmọ. Oògùn tí dókítà fún mi, mò ń lò ó, mo sì ń tọ́jú ohun tó ń dí i lọ́wọ́ sínú kọ́mú mi. Nígbà míì, omi á bọ́ lójú mi, ìyàwó ọmọ mi á rò pé ayọ̀ ni. Ayọ̀ náà ni.

Ọ̀sán ni àna mi wọlé, ó ru ẹ̀gẹ́ tútù. Mo wà lórí àga nínú yàrá, ọmọ wà lórí àyà mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó bi mí bóyá ara ti balẹ̀. Mo ní a dúpẹ́. Ó wá ń wo ọrùn mi.

"Àna mi, kí ló ṣe yín láyà?"

"Ooru ni."

Ó sún mọ́ mi. Ó fa imú lẹ́ẹ̀kan péré. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tó wo ìró mi, tó wo ibi tí ewé kan ti yọrí.

"Ẹ yọ òdòdó ẹ̀ kúrò," ló wí.

"Mo yọ ọ́."

Ó wá na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Àna mi, ara yín ti bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e wá, kẹ́ ẹ lọ bomi tútù sí i. Màá gbé e padà fún yín."

"Ó ń sùn," ni mo wí. "Ẹ jẹ́ kó jí ná."

Ó wo ọmọ náà, èmi náà wò ó. Ojú rẹ̀ là kedere. Ó ti gbọ́ ohùn àna mi, ó ti yí orí rẹ̀ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ẹsẹ̀ ta mí ní ikùn kó lè lọ bá a.

Mo yí àga mi, mo kọ ẹ̀yìn sí i. "Ó ń sùn," mo tún wí.